Olùpamọ́ Àkọsílẹ̀: Òṣìṣẹ́ Tí A Kò Tíì Fún Lórúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí kì í jìnnà sí ẹnu àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, ta ni ó tọ́jú àrọ́bá náà títí ọmọdé fi wá bá a? Ẹnì kan ni ó tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ni ó fi tọ́jú rẹ̀, a ní orúkọ tí a ń pe onítọ̀hún. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé, inú fáìlì tàbí inú kásẹ́ẹ̀tì ni ó tọ́jú rẹ̀ sí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ pé ó wà láyé, ká má tíì sọ pé a ó bọ̀wọ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ nípa irú òṣìṣẹ́ báyìí ni a fẹ́ sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba àwọn ìwé tí ìjọba, ìjọ, iléeṣẹ́ tàbí ẹnì kan kọ lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́ ti parí ṣùgbọ́n tí ìwúlò rẹ̀ kò parí, kí ó tò wọ́n, kí ó dáàbò bò wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n rí wọn kà. Àwọn kan ń pe ilé tí wọ́n ń kó wọn sí ní ákáífù. Ilé àkọsílẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín, a ó sì máa pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní olùpamọ́ àkọsílẹ̀, títí àwọn tó mọ̀ jù wá lọ yóò fi fún wa ní èdè-ìperí tó dùn lẹ́nu ju èyí lọ. A ní agbẹjọ́rò, a ní akọ̀ròyìn, a ní olùṣirò owó. Ti ẹni yìí ni kò tíì rí orúkọ tó fìdí múlẹ̀. Bí ènìyàn bá dé ọ́fíìsì ìjọba tí ó béèrè rẹ̀, "ọ̀gá tó ń tọ́jú fáìlì" ni wọn yóò pè é, wọn yóò sì nawọ́ sí yàrá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí á pa á pọ̀ mọ́ amójútó ibi-ìkàwé. Ẹni tó bá sọ ìwé atúmọ̀ èdè kan nù lè rí òmíràn rà lọ́jà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ajẹ́lẹ̀ kan kọ sí ọba ìlú kan ní àádọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà. Bí ikán bá jẹ ẹ́, ó tán nìyẹn.

Arọ́kin

Bí a bá wo àwùjọ Ọ̀yọ́ àtijọ́ fínnífínní, a ó rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé nígbà náà. Àwọn arọ́kin ni olùtọ́jú ìtàn ní ààfin, Ológbò sì ni olórí wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Láti kékeré ni ọmọ ti ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀. Ààfin ni ó ń bọ́ wọn, oyè wọn ní àyè tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó kàn lè jáde láti ọjà kí ó ní arọ́kin ni òun. Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo wa ń tọ́ka sí, jẹ́wọ́ pé irú àwọn ìdílé tí Aláàfin yà sọ́tọ̀ báyìí ni àwọn gbára lé fún ìtàn àtẹ̀yìnwá.

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ètò yìí: ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó jinlẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ tó dájú, àti ipò tí ìlú mọ̀. A ó máa fi ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo àwọn ìlú òkèèrè bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Ìtàn ìwé Johnson fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní 1897 ni ó parí ìwé náà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó fi tún ìwé náà kọ. Nígbà tí ó fi èyí náà ránṣẹ́ ní 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tí ìwé náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti padà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1921 ni ó tó jáde. Ká ní Johnson ti da ìwé àkọ́kọ́kọ rẹ̀ síná nígbà tí ó rò pé iṣẹ́ ti parí ni, ohun tí à bá mọ̀ nípa Ọ̀yọ́ ilé ìbá kéré jọjọ. Àwọn bébà jákujàku inú àpótí ni ó gba ìtàn Yorùbá là, kì í ṣe ìwé aláwọ̀ líle.

Àwọn ìlú tí ó fún un ní ipò

Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí a mọ̀, ilẹ̀ Faransé ni ètò rẹ̀ jọ ti arọ́kin jù lójú tiwa. Nígbà tí wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ ọba wọn, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n tètè ṣe ni pé wọ́n dá ilé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1790. Ní 1794, òfin wọn sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba kí ó sì kà á. Ní 1796, wọ́n pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí i pé ilé láìsí ẹni tó mọṣẹ́ kò wúlò, ni wọ́n bá dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Paris ní 1821, èyí tí wọ́n ń pè ní École des chartes. Ìdíje tó le ni ènìyàn fi ń wọlé síbẹ̀. Ẹni tó bá yege láti wọlé, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ìjọba yóò kà á sí òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, yóò sì máa sanwó oṣù fún un bí ó ti ń kàwé. Bí ó bá jáde, orúkọ oyè rẹ̀ dá yàtọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ń di olórí ilé àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀kọ́ṣẹ́, oúnjẹ, ipò: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Kò yà wá lẹ́nu pé nígbà tí òmìnira dé, Dakar ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ irú iṣẹ́ yìí sí fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé. Ilé-ẹ̀kọ́ náà, EBAD, wà lábẹ́ Yunifásítì Cheikh Anta Diop, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ará Benin ti kọ́ṣẹ́, títí kan àwọn aládùúgbò wa láti Àjàṣẹ́, níbi tí ilé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin wà.

Ti Jámánì fara jọ ti Faransé. Marburg ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Köln ni a fẹ́ mẹ́nu bà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 2009, ilé àkọsílẹ̀ ìlú náà wó lulẹ̀ nítorí ihò ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn méjì tó ń gbé ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kú. Yorùbá máa ń ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé àkọsílẹ̀ tó bá wó tàbí tó bá jó kì í ní ẹwà kankan tí ó máa bù sí i. Ìwé tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ń bẹ nínú erùpẹ̀ yẹn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n wú gbogbo rẹ̀. Ìwé tó tutù, wọ́n gbé e sínú yìnyín kí ó má baà jẹrà, wọ́n sì ń gbẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ti fàya yánkanyànkan. Wọ́n kọ́ ilé tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, títí di òní ni àtúnṣe náà sì ń lọ. Ìlú tí kò ka àwọn olùpamọ́ sí kò lè náwó báyìí lórí bébà àtijọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1838 ni ó dá ilé àkọsílẹ̀ ìjọba sílẹ̀, òfin 1958 ni ó tún un ṣe, Kew ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì wà báyìí. Láti 1947 ni University College ti ń kọ́ àwọn olùpamọ́ àkọsílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Hilary Jenkinson, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 1922, gbà pé olùtọ́jú lásán ni olùpamọ́: kò gbọdọ̀ yan èyí tí yóò parun àti èyí tí yóò kù, nítorí pé bí ó bá ti ń yàn ni ó ti ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, T. R. Schellenberg, kọ ìwé ní 1956, ó ní rárá o, ìwé ìjọba òde òní pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ, nítorí náà olùpamọ́ ni ó yẹ kí ó yàn. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣẹ láti sọ pé "ẹ má ṣe sun èyí níná" ni ó ní ipò. Ti Schellenberg ni àwa fara mọ́, bí a tilẹ̀ rí ewu tí Jenkinson ń sọ.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2011, nígbà tí àwọn àgbà Kenya kan tí wọ́n fìyà jẹ nígbà ogun Mau Mau pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́, ó hàn gbangba pé iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn ti fi nǹkan bí 8,800 fáìlì pamọ́ síbì kan tí wọ́n ń pè ní Hanslope Park. Ilẹ̀ àmúsìn 37 ni wọ́n ti kó wọn wá. Àwọn mìíràn ti di eérú kí àsíá òmìnira tó gòkè. Òfin wà, ilé-ẹ̀kọ́ wà, ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ wà, síbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti àṣírí, wọ́n rìn yí wọn ká. Oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn fáìlì náà lọ sí Kew fún ará ìlú láti kà.

Amẹ́ríkà pẹ́ kí ó tó ní ilé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè, 1934 ni. Ẹgbẹ́ àwọn olùpamọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Láti 1949 ni wọ́n ti fi ilé náà sábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ilé àti ohun èlò ìjọba, bí ẹni pé ìtàn orílẹ̀-èdè kò yàtọ̀ sí tábìlì àti àga. Àwọn olùpamọ́ àti àwọn òpìtàn jà títí wọ́n fi gba òmìnira rẹ̀ padà ní 1985. Láti 1989 ni wọ́n ti ní àjọ kan tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn olùpamọ́. Ẹni tó bá yege ní láti fi hàn lẹ́yìn ọdún márùn-ún-márùn-ún pé òun kò tíì gbàgbé iṣẹ́. Òfin kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni ṣe é o. Síbẹ̀, ipò olórí ilé àkọsílẹ̀ wọn kò ní ààbò tó bí ènìyàn ṣe lè rò: ní oṣù Kejì ọdún 2025, Ààrẹ Trump yọ Colleen Shogan, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sí ipò náà, kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Brazil àti orúkọ àwọn baba wa

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni Brazil. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá ọdún 1890, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, Rui Barbosa tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ níní ẹrú ní iléeṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n sun ún. Àwọn kan ní ó fẹ́ pa àbùkù orílẹ̀-èdè rẹ́ ni. Àwọn mìíràn ní kò fẹ́ kí àwọn tó ti ní ẹrú rí ẹ̀rí tí wọn yóò fi bèèrè owó gbà-má-bínú ni. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ àwọn ènìyàn wa wà nínú iná yẹn, iye tí wọ́n rà wọ́n pẹ̀lú.

Bí ìwé gbogbo bá wà lábẹ́ iléeṣẹ́ kan ni, wọn ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ti ilé-ẹjọ́ Bahia kò sí lábẹ́ Barbosa. Nígbà tí àwọn Nàgó àti Mùsùlùmí mìíràn dìde ogun ní ìlú Salvador lóru ọjọ́ kẹrìnlélógún mọ́jú ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1835, wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì bi wọ́n ní ìbéèrè, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ sì ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Nàgó ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n rojọ́. Akọ̀wé yẹn kò mọ̀ pé ìtàn Yorùbá ni òun ń kọ. Àwọn ìwé náà wà ní ilé àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Bahia, títí kan ìwé pélébé-pélébé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ tí wọ́n gbà lára àwọn èèyàn náà. Lára wọn ni João José Reis ti rí ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí ogun ọ̀hún ní 1986.

Orílẹ̀-èdè tó sun ìwé ní 1890 yìí náà ni ó wá ṣe òfin ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1978, pé ẹni tó bá gba oyè yunifásítì nínú iṣẹ́ náà ni ó lè máa jẹ́ orúkọ olùpamọ́ àkọsílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kò ti sí ẹni tó lè máa pe ara rẹ̀ ní dókítà láìkọ́ ìṣègùn. Wọ́n yọ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan sílẹ̀. Òfin kejì tẹ̀ lé e ní 1991 tó sọ pé ojúṣe ìjọba ni ìtọ́jú àkọsílẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó: ní 2021, wọ́n fẹ́ gbé ilé àtijọ́ tí ilé àkọsílẹ̀ Bahia wà nínú rẹ̀ sí gbàǹjo nítorí gbèsè iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn. Ariwo àwọn òpìtàn àti olùpamọ́ ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Àwa kò ní kí Nàìjíríà da òfin 1978 náà kọ láìyọ kúrò, nítorí pé yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ àgbà tó ń tọ́jú ìwé ìdílé, ìwé ìjọ àti ìwé ẹgbẹ́ láìní ìwé-ẹ̀rí. Ó wù wá kí á fi ìdánwò bíi ti Amẹ́ríkà kún un, kí àgbà tó mọṣẹ́ lè rí ọ̀nà wọlé.

Lọ́dọ̀ tiwa

Kì í ṣe pé Nàìjíríà kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kenneth Onwuka Dike, òpìtàn tó wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba wò láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì ní 1951. Ohun tó rí kò dùn mọ́ ọn: omi òjò, kòkòrò, àti akọ̀wé tó ń wá àyè fún fáìlì tuntun. Ó kọ ìròyìn, ìjọba sì gbọ́. Ní 1954 ni wọ́n dá ilé àkọsílẹ̀ sílẹ̀, òfin tirẹ̀ jáde ní 1957, wọ́n sì kọ́ ilé fún un nínú ọgbà yunifásítì náà. Ti Kàdúná àti ti Ẹnúgu tẹ̀ lé e. Àwọn bíi S. S. Waniko àti L. C. Gwam jókòó ti àwọn ìwé wọ̀nyí, wọ́n tò wọ́n, wọ́n sì kọ ìwé atọ́nà sí wọn, tó fi jẹ́ pé títí di òní, ẹni tó bá ń wá ìwé ajẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta, ipa ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà ni ó ń tọ̀. Mélòó nínú wa ni ó tíì gbọ́ orúkọ wọn rí? Gbogbo wa ni a mọ àwọn òpìtàn tó lo ìwé tí wọ́n tò.

Òfin mìíràn jáde ní 1992. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 sọ pé dandan ni fún gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba láti máa kọ ohun tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀ kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣòfin ní 1995 láti dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn amọṣẹ́ sílẹ̀, amójútó ibi-ìkàwé ni wọ́n ṣe é fún. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú ni ọ̀rọ̀ olùpamọ́ àkọsílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó so mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ọ̀nà ilé àkọsílẹ̀ Ìbàdàn dunjú ni ẹni tó ń du oyè ọba. Ìdí ni pé ní nǹkan bí ọdún 1930 sókè, àwọn ajẹ́lẹ̀ kọ ìròyìn lórí ìtàn àti ètò oyè ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ìwé wọ̀nyí ni àwọn agbẹjọ́rò sì ń gbé síwájú adájọ́ àti ìgbìmọ̀ olùwádìí. Oyè, ilẹ̀ àti ààlà ló wà nínú àpótí wọ̀nyẹn. Bí òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ wọn bá jẹ́ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó jẹun, tí kò sí ìgbìmọ̀ tó lè gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe àṣemáṣe, tí kò sì sí ẹgbẹ́ tó lè gbèjà rẹ̀ bí ó bá ṣe rere, kí ni yóò sọ fún olówó tó fẹ́ kí ojú-ewé kan sọnù? Ọ̀rọ̀ ipò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán.

Àwọn kan yóò ní kọ̀ǹpútà ti dé, kí á ya àwòrán gbogbo ìwé kí ọ̀rọ̀ tán. A bọ̀wọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó iṣẹ́ ìwádìí wọn sínú díìsìkì pélébé ní bí ọdún 2000, ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín lónìí. Ìwé Dike ti 1954 ṣì ṣeé kà. Ẹni tí yóò máa gbé àkọsílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ àtijọ́ sínú tuntun, tí yóò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti yí padà, olùpamọ́ náà ni.

Ẹ̀ka èdè Yorùbá ńkọ́?

Nínú gbogbo ẹ̀ka tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tiwa wà lára àwọn tó ń pèsè àkọsílẹ̀ jù. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ń lọ sí abúlé, tí wọ́n ń gba ohùn oníjàálá, ti asunrárà, ti àwọn tó ń sun ẹkún ìyàwó, tí wọ́n ń da á kọ, tí wọ́n ń ṣe ìtúpalẹ̀ rẹ̀, tí a ń fún wọn ní máàkì. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí àpò ìrẹsì kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rinrin ti mú kí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà ṣí kúrò. Ohùn ta ni ó wà níbẹ̀? Ìlú wo? Kò sí ẹni tó mọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó ohùn náà sílẹ̀ ti di ará ọ̀run.

Ẹ fi wé èyí. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia, ó sì gba ohùn àwọn àgbà elédè Nàgó sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tó gbé ìlú Èkó nígbà èwe rẹ̀. Àwo ni wọ́n fi gba ohùn náà nígbà náà. Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ni ó wà lónìí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ibi tí ó ti sọ ọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè wa ní Bahia ní ọgọ́rin ọdún ó lé sẹ́yìn lè gbọ́ ọ, nítorí pé wọ́n sanwó oṣù fún ẹnì kan láti máa ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gba olùpamọ́ àkọsílẹ̀ kan tó kọ́ṣẹ́, kí wọ́n kà á mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ni bí wọ́n ti ń ka amójútó ibi-ìkàwé, kí ó lè dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé, kí ìgbéga rẹ̀ má sì dúró sójú kan. Kí àwọn tó ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́ NCE fi ìtọ́jú àkọsílẹ̀ kún iṣẹ́ tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwádìí, kì í ṣe bí a ṣe ń kó ohùn jọ nìkan. Kí àwọn onímọ̀ èdè-ìperí jókòó lórí orúkọ òṣìṣẹ́ yìí.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀ka lè bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ kan gba iṣẹ́ náà ní àkọlé, kí a sì dín iye kíláàsì rẹ̀ kù nítorí rẹ̀. Kí ó ní ìwé ńlá kan tí yóò máa kọ gbogbo ohun tó bá wọlé sí: orúkọ alohùn, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà á, àti bóyá alohùn náà gbà kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ, nítorí pé àwọn ẹsẹ kan wà tí awo kì í fẹ́ kí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́. Kí ẹ̀dà kan wà níbòmíràn tí kì í ṣe ọgbà kan náà. Kásẹ́ẹ̀tì ni kí ó kọ́kọ́ mú, kí ti bébà tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ ti ń wọ́n lọ́jà, atúnṣe rẹ̀ sì ti ń ṣọ̀wọ́n.